Àga kíká tó ń rì nínú oko: bí a ṣe lè rán aṣọ ìtẹ́lẹ̀ fífúyẹ́ fún un nílé

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ní ìlú Oǹdó, tí oko kòkó wọn sì wà lójú ọ̀nà Ìdànrè, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ báyìí pé: “Ọmọ mi tó wà nílùú ọba fi àga kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tó máa ń ká wọ inú àpò kékeré, tí kò wúwo ju ìgò omi lítà kan lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí pé ẹ̀yìn ń dùn mí, n kò sì lè jókòó sórí ìtì igi mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti jókòó lórí rẹ̀ nínú oko, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, ti ẹ̀yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ rì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dà mí sẹ́yìn lójú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Mo ti ṣẹ́ tapólì po lọ́nà mẹ́rin, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀, pàbó ló já sí. Ọmọ mi ní wọ́n ń ta aṣọ kan tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irú àga bẹ́ẹ̀, àmọ́ iye tí wọ́n ń tà á bà mí lẹ́rù. Ṣé a lè rán an nílé? Aṣọ wo ló nípọn tó, tí omi kò ní gbà kọjá, síbẹ̀ tí kò ní wúwo?”

Ẹ kú iṣẹ́ oko, bàbá, ẹ sì kú ewu ìṣubú yẹn. Kí n tó mẹ́nu kan abẹ́rẹ́ àti òwú, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yín sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Àga yín kò bàjẹ́, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ọ́n jókòó tì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tín-ín-rín ló ń gbé gbogbo ara yín, ilẹ̀ oko lásìkò òjò kò sì lágbára tó láti gba irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹ wá ń fẹ́ aṣọ kan tó lè bá àga náà gbé inú àpò rẹ̀, tí kò ní di ẹrù sí yín lọ́rùn bí ẹ bá ń rìn láti ibi tí ọkọ̀ ti já yín sílẹ̀ títí dé ìdí kòkó. Ó ṣeé rán nílé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rán kánópì, ìbora ọkọ̀ àti àpò ní Àkúrẹ́ níbí. Mo ti rán irú aṣọ yìí bíi mẹ́fà tàbí méje, mo sì ba méjì àkọ́kọ́ jẹ́ kí n tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an.

Ẹ béèrè aṣọ tó nípọn, ẹ sì béèrè èyí tí omi kò gbà kọjá. Mo rò pé orúkọ ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi lọ́ pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní aṣọ ìtẹ́lẹ̀, ọkàn wa á lọ sí tapólì tí a ń sá kòkó sí, tàbí èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú àgọ́ kí òtútù ilẹ̀ má baà mú ẹni tó sùn síbẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Àga ti gbé ìdí yín kúrò nílẹ̀, nítorí náà omi tó wà nílẹ̀ kò kàn yín mọ́. Kódà, bí omi bá rí àárín aṣọ náà gbà kọjá, ó sàn ju kí ó dá adágún sí yín lábẹ́ lọ, torí pé omi àti ẹrẹ̀ tó bá dúró sórí aṣọ ni ẹ máa gbé relé. Ní ti nínípọn, tapólì onípele mẹ́rin yín ti fúnra rẹ̀ dáhùn. Bí a bá tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lásán tí a gbé ẹsẹ̀ àga lé e, tí ẹsẹ̀ náà bá ti ń rì, ńṣe ni á máa wọ́ aṣọ náà wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka ti ewé bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Ewé náà kò ya, síbẹ̀ ìka wọ inú ẹ̀kọ. Kò sí ohun tó di aṣọ náà mú níbòmíràn, báwo ni yóò ṣe wá di ẹsẹ̀ àga mú?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Olùkọ́ kò ní kórìíra ìyẹn. Ká ní ẹni tó wọn kílò 80 ló jókòó. Róbà tó wà nídìí ẹsẹ̀ irú àga yìí sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, èyí tó fi hàn pé ojú tí ẹsẹ̀ kan fi ń kan ilẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 5, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ kò sì pé 20. Ìyẹn ni pé kílò 4 ló ń tẹ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ náà. Ẹni yìí kan náà, bí ó bá dìde dúró lórí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ojú tó fi kanlẹ̀ lè tó 300, ohun tó ń tẹ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan kò sì ní tó ìlàjì kílò kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rìn káàkiri oko láìrì, tí àga sì ń rì lábẹ́ yín lórí ilẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá tún wá fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ kílò 20 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti parí. Ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn ló máa gba èyí tó pọ̀ jù, àwọn náà ló sì máa kọ́kọ́ wọlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Ẹsẹ̀ àga yìí kò dúró ṣánṣán. Láti oríkèé tó wà lábẹ́ ìjókòó ni wọ́n ti ya síta, bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdúró. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń rì, wọn kò lọ sísàlẹ̀ nìkan, wọ́n ń lọ síta pẹ̀lú, bí èèkàn tí a gún ní dídàgẹ̀rẹ̀ tí a sì ń fi òòlù lù. Bí wọ́n bá ṣe ń ya síta sí i náà ni ìjókòó yóò máa sọ̀ kalẹ̀, tí ara ẹni tó jókòó yóò sì máa dà sẹ́yìn. Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ kan bá fẹ́ sá síta, èyí tó wà ní igun kejì tó kọjú sí i ni yóò fà á padà. Ìfà láti igun sí igun yìí ni gbogbo agbára aṣọ náà. Àárín rẹ̀ ò ṣe ju pé kó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹrẹ̀ má rú sókè láàárín ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lóye èyí á mọ̀ pé àárín ni a ti lè dín ìwúwo kù, igun àti ojú ọ̀nà tó so igun pọ̀ sì ni a kò gbọdọ̀ ṣahun sí.

Ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Àkọ́kọ́ tí mo rán, aṣọ agbòòrùn lásán ni, pẹ̀lú àpò kékeré ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìsí okùn kankan nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí etíkun Àràròmí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí iyanrìn ti gbẹ tó sì rọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń yin ara mi. Nígbà tí mo wá fẹ̀yìn tì kí n lè wo òkun bí olówó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì gún ìdí àpò rẹ̀ lu, mo sì bá ara mi níbi tí mo ti ń wo ojú sánmà. Nítorí ìbínú èyí ni mo ṣe lọ gé tapólì kánópì fún èkejì. Ó wúwo, kò sì ya rárá, ṣùgbọ́n mo ti gé e kéré jù, torí pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga náà nígbà tí mo ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹni tó ni ín ṣe jókòó, ẹsẹ̀ fẹ́ ya, aṣọ ò jẹ́ kí ó ya, ọ̀pá kan sì tẹ̀ ní ẹ̀bá oríkèé. Ìyẹn dùn mí ju ìṣubú tèmi lọ, torí pé àga oníbàárà ni, èmi ni mo sì san owó rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ aṣọ. Ohun tó pọ̀ jù láyìíká wa ni àpò ìrẹsì, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ hun. Ó fúyẹ́, kì í nà púpọ̀, a sì lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni oòrùn: bí ó bá pẹ́ níta fún oṣù díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ pa á, etí rẹ̀ sì máa ń tú bí ẹ kò bá tètè fi iná pa á. Àpò Gáná-mọ́sì-gò wá láti ìdílé kan náà, àléébù kan náà ló sì ní. Aṣọ báńà tí wọ́n ń tẹ àwòrán òṣèlú àti ti olóògbé sí, tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fléèsì, lágbára dáadáa, lẹ́yìn ìdìbò sì rèé, èèyàn lè fi kó ilé ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń wọn bíi gíráàmù 300 sí 500 fún mítà kan níbùú àti lóròó, kò fẹ́ràn kí a máa ká a ní ojú kan náà lójoojúmọ́ torí pé yóò sán níbẹ̀, ó sì máa ń yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Mo máa ń lò ó fún igun nìkan. Tapólì kánópì tòótọ́ wúwo jù ú lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún irú ọ̀rọ̀ yín ni aṣọ agbòòrùn tí irin rẹ̀ ti ṣẹ́, ó sì ní ìdí kan tó kọjá pé ó fúyẹ́. Ẹ wo agbòòrùn onírin mẹ́jọ dáadáa: aṣọ onígun mẹ́ta mẹ́jọ ni wọ́n rán pọ̀, ojú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Bí ẹ kò bá tú u, tí ẹ gé e ní onígun mẹ́rin, ẹ lè ṣe é kí mẹ́rin nínú ojú ìránpọ̀ wọ̀nyẹn bọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́lẹ́. Ojú ọ̀nà ìfà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ó ti nípọn ju ibi tó kù lọ, ẹ kàn máa gbé okùn lé e lórí ni. Ihò tó wà láàárín, níbi tí ṣóńṣó irin ti yọ, yóò sì máa jẹ́ kí omi jò lọ. Aṣọ náà kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ pátápátá, torí pé bí igbá ni wọ́n ṣe rán an, àárín rẹ̀ á yọ ikùn díẹ̀. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ìyẹn, okùn ló ń fà, aṣọ ò fà. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ti aṣọ náà gan-an níbi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá jù. Bí ó bá ya tàbí bí òwú rẹ̀ bá sá lára wọn, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán, ẹ wá òmíràn.

Wíwọ̀n ni ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí ọ̀pá tó tẹ̀ yẹn. Ẹ wá bébà àpò sìmẹ́ńtì tó mọ́, irú èyí tí àwọn téló fi ń gé ìwọ̀n, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle nínú ilé, ẹ gbé àga lé e, kí ẹ sì jókòó sórí rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń jókòó nínú oko, pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ẹ fi tì í. Kí ẹlòmíràn wá fi ṣọ́ọ̀kì tàbí bírò fa ìlà yí ìdí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká nígbà tí ẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ jókòó, ẹ má fi ọmọ kékeré rọ́pò, torí pé bí ara bá ṣe wúwo tó ni ẹsẹ̀ àga ṣe ń ya tó. Bí ẹ bá dìde, ẹ ó rí i pé àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lè má bá ti ẹ̀yìn dọ́gba. Lára tèmi, sẹ̀ǹtímítà 47 ni iwájú, 43 ni ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ má kàn wọn ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ sì ní gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi rúlà fa ìlà sẹ̀ǹtímítà 6 sí òde àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yípo, ibẹ̀ ni etí aṣọ yóò wà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 2 kún un fún ìṣẹ́tí. Ẹ kọ “iwájú” sí iwájú bébà náà, torí pé àwa tó ń fi èyí jẹun pàápàá ti ṣì í yí rí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé aṣọ tí ẹ sì ti ṣẹ́ etí rẹ̀, okùn ló kàn. Okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe apá àpò ẹ̀yìn, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, ni mò ń lò. Ẹ lè yọ ọ́ lára àpò ilé ìwé tó ti gbó. Ẹ rán ọ̀kan láti igun iwájú ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn òsì, ẹ rán ìkejì láti igun iwájú òsì dé igun ẹ̀yìn ọ̀tún, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn láàárín. Ẹni tó bá mọ aṣọ híhun á mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá fa aṣọ lọ́nà tí òwú rẹ̀ gbà lọ, kò ní nà. Bí a bá fà á láti igun sí igun, á nà bí róbà, kódà kí ó nípọn. Láti igun sí igun sì ni ẹsẹ̀ àga ń fa tiwa yìí. Aṣọ tí kò ní okùn níbẹ̀ lè wà láìya títí, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ àga ti ya kọjá bó ṣe yẹ.

Fún igun, ẹ gé onígun mẹ́rin mẹ́jọ láti ara fléèsì tàbí láti ara ṣòkòtò jíǹsì àtijọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 ní ìbú àti ní òró. Mẹ́rin máa wà lókè, mẹ́rin máa wà nísàlẹ̀. Ẹ gbé ti òkè lé igun aṣọ, kí ó bo orí okùn mọ́lẹ̀, ẹ rán an ní ẹ̀gbẹ́ òde méjèèjì, ẹ fi èyí tó kọjú sí àárín sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àpò nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ àga á máa rìn káàkiri inú rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó rí bí pátákò ẹṣin yí ibi tí ìdí ẹsẹ̀ máa wà ká, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí àárín aṣọ, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí róbà lè ráyè wọlé, ẹ wá rán ojú ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó gba orí okùn kọjá. Níbi yìí ni ẹsẹ̀ àga máa ti gbé gbogbo agbára rẹ̀ lé okùn lọ́wọ́. Bí ojú rírán yìí bá já, ohun tó kù ò wúlò.

Kí ẹ tó rán ti ìsàlẹ̀, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró tó ti jò, ẹ gé róbóróbó mẹ́rin láti ara rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ fi bébà ìhaǹpákó ha etí wọn kí ó má baà máa gé aṣọ. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igun, kí àárín rẹ̀ bọ́ sí abẹ́ ibi tí ìdí ẹsẹ̀ máa dúró sí, ẹ wá fi onígun mẹ́rin ìsàlẹ̀ bò ó, kí ẹ rán an yípo létí láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan ike náà. Ohun kékeré yìí ló yí ìṣirò wa àkọ́kọ́ padà. Ojú róbóróbó náà tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 50, ìlọ́po mẹ́wàá ìdí ẹsẹ̀ lásán, nítorí náà kílò 4 tó ń tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan di nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún kílò kan. Mo mọ̀ pé ike náà máa ń tẹ̀ díẹ̀ létí, kò sì ní pín ìwúwo náà dọ́gba bí ìṣirò ṣe wí, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere, pàápàá lórí amọ̀ tútù. Ó tún ń gba aṣọ lọ́wọ́ òkúta àti kùkùté tí ì bá gún un láti abẹ́.

Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ téló ní lè ṣe iṣẹ́ yìí bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 sí i, tí ẹ sì jẹ́ kí ojú rírán gùn tó mílímítà 3 sí 4. Ojú rírán tó há jù máa ń lu aṣọ bí ìwé tí wọ́n gún láti ya, ibẹ̀ náà ló sì máa gbà ya. Níbi tí fléèsì, okùn àti aṣọ bá ti pàdé, ẹ fi ọwọ́ yí táyà maṣíìnì dípò ẹsẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ṣúmekà, òun ló ni irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ má lo òwú kọ́tìnnì. Ọ̀rinrin ilẹ̀ á jẹ ẹ́ láìpẹ́. Bí ẹ kò bá mọ irú òwú tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi iná kan orí rẹ̀: ti kọ́tìnnì á jó bí bébà, á sì di eérú, ti ọ̀rá á yọ́, á sì di kóro líle. Iná àbẹ́là kan náà lẹ máa fi pa etí okùn àti etí aṣọ tí ẹ gé, kí ó má baà tú, ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, níta gbangba, torí pé ọ̀rá tó ń yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀ ara.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, tí mo rán ní irú ọ̀nà yìí, gíráàmù 120 ló wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀rá omi píọ́ wọ́tà kan lọ. Aṣọ agbòòrùn fúnra rẹ̀ kò ju gíráàmù 25 lọ nínú rẹ̀. Igun, okùn àti ike ló kó ìyókù. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ wá aṣọ tó tún fúyẹ́ ju ti agbòòrùn lọ, kò sí èrè gidi níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún yín lórí àwọn ọ̀nà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rírán ni iṣẹ́ mi. Bí ó bá jẹ́ ìdí igi kan náà tàbí ẹnu abà kan náà lẹ máa ń jókòó sí lójoojúmọ́, ẹ kò nílò aṣọ rárá. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan tó gba ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi í sílẹ̀ nínú abà, ó sàn ju gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí lọ. Àwọn kan máa ń gún bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì lójú, wọ́n á kì í bọ ìdí ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí iyanrìn, kò sì gba àkókò, àmọ́ bọ́ọ̀lù mẹ́rin lé ní gíráàmù 200, wọn kò ká, wọ́n máa ń fa omi ẹrẹ̀ mu, wọn kò sì dá ẹsẹ̀ lẹ́kun láti ya síta. Aṣọ tí wọ́n ń tà náà dára; bí ọmọ yín bá tún ń bọ̀ wálé tí ó sì fẹ́ rà á, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ó bá ti jẹ́ pé ti irú àga yín gan-an ni. Tirú àga mìíràn lè kéré, ohun tó sì ṣe ọ̀pá oníbàárà mi á ṣe ti yín.

Aṣọ yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ẹsẹ̀ odò, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń mu ẹsẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sí aṣọ tó máa gbé àga dúró. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà ní etíkun ní ìhà Ayétòrò, ibi tí ẹrẹ̀ ti rọ́pò iyanrìn, mo sì ti rí i kí àga àti aṣọ jọ wọlẹ̀ pa pọ̀ níbẹ̀. Lórí àpáta, ẹ má lò ó rárá. Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ Ìdànrè mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn 660 yẹn dé òkè, tó wá tẹ́ aṣọ ọ̀rá sórí àpáta dídán kó tó gbé àga lé e, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ róbà ìdí ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ì bá ti di àpáta mú, àga náà sì lè yọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Lábẹ́ kòkó, níbi tí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀, ẹ fi àdá tàbí ẹsẹ̀ gbá ewé kúrò títí ilẹ̀ fi yọjú kí ẹ tó tẹ́ aṣọ. Ewé orí ewé máa ń yọ̀, ẹ kò sì ní mọ ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ilẹ̀ pupa wa bá ti le bí bíríkì, ẹ fi aṣọ náà sílẹ̀ nílé.

Bí ó bá ti délé láti ọwọ́ téló, ẹ má gbé e lọ sí oko tààrà. Ẹ da omi sí ibì kan lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ògiri, ẹ tẹ́ aṣọ náà, ẹ kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bọ inú àpò wọn láti àárín síta, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn, kí ẹ wá rọra jókòó pẹ̀lú ọwọ́ kan lára ògiri. Nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga, okùn yẹ kí ó dẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ti jókòó tán, kí ó fà, kí ó dún bí ẹ bá fi ìka ta á. Bí ó bá fà kí ẹ tó jókòó, ó ti kéré, ẹ tú ojú rírán pátákò ẹṣin ti ẹ̀yìn kí ẹ sún un síta díẹ̀. Bí ó bá ṣì dẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti jókòó, ẹ sún un wọlé. Lẹ́yìn oko, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó ká a, torí àkéekèé àti ìjàlọ, ẹ ṣan ẹrẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì sá a sí ibòòji. Onígun mẹ́rin ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbó, òun nìkan lẹ sì máa pààrọ̀. Ẹ má ju bébà ìwọ̀n yẹn nù o, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gé e sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi kọ́ sára ìṣó níbi tí eku kò ní dé.